Ìdíje Ilé-sí-Ilé: Bó Ṣe Ń Lọ àti Ohun Tó Kan Ẹ̀yin Òbí

Bí sáà kejì bá ti wọlé ní oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé kan wà tí ọmọ máa ń mú bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ìwé náà ní wọ́n fẹ́ ṣe inter-house sports. Ọ̀pọ̀ òbí á wo iye owó tó wà nísàlẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì ká ìwé náà sápò. Ẹ jẹ́ ká jọ fara balẹ̀ tú u wò, nítorí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún yín ju owó lọ. Ìdíje ilé-sí-ilé ni a ó máa pe inter-house sports yìí.

Ilé tí à ń sọ yìí kì í ṣe agboolé. Ilé ẹ̀kọ́ á pín gbogbo ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé kan, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Wọn kì í fi kíláàsì pín in. Ọmọ JSS 1 àti ọmọ SS 2 lè wà nílé kan náà, kí wọ́n jọ máa lépa ife kan ṣoṣo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnì kankan, á tipa bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tí yóò máa bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn ló gbé àṣà yìí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Olivet Baptist High School fi máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1945, tí Ogbomoso Grammar School náà tẹ̀ lé e ní 1952, ó ti gbilẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó kàwé láyé òyìnbó, ẹ bi wọ́n nípa ọjọ́ Ẹ́ńpáyà (Empire Day), 24 oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi ń ṣàyẹ́sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á sọ ìtàn máàṣì àti eré sísá fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọjọ́ ìdíje gan-an kọ́ ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti máa ń ṣe heats, ìyẹn ìdíje ìṣàyàn, láti mọ ẹni tí yóò sáré fún ilé rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun ń dúró ṣe ìdánrawò lẹ́yìn aago ìparí ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe rò pé eré àṣedànù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an sọ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ tí ara rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Fún àwọn kékeré, eré wọn kì í gùn: gbígbé ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, fífò nínú àpò, rírọ omi sínú ìgò. Ìgbádùn ni wọ́n ń wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn.

Ohun kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lábẹ́ kánópì. Bí wọ́n bá fẹ́ sá eré tó yí pápá po, tí oníkálukú gbọ́dọ̀ dúró nínú ìlà tirẹ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ tó wà ní ìta ti wà níwájú kí fèrè tó dún. Ìyá ọmọ tó wà nínú á fò dìde: "Ẹ wo ojúsàájú!" Kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ ronú ewúrẹ́ méjì tí a so mọ́ èèkàn kan, tí okùn ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ. Bí àwọn méjèèjì bá yí èèkàn náà po lẹ́ẹ̀kan, èyí tí okùn rẹ̀ gùn ti rìn jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà ìta ṣe gùn ju ti inú lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ìta síwájú kí ọ̀nà wọn lè dọ́gba.

Báwo ni olùkọ́ eré ìdárayá ṣe mọ iye tí yóò fi gbé e síwájú? Ìbú ìlà ló ń wò. Bí ìlà kan bá fẹ̀ tó mítà kan, ìlà kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e á fi bíi mítà mẹ́fà lé díẹ̀ gùn ju èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé títóbi pápá kò yí i padà. Ì báà jẹ́ pápá Dọ́bà ní Ọ̀yọ́, ì báà jẹ́ pápá kékeré ẹ̀yìn kíláàsì, bí ìbú ìlà bá ti jẹ́ bákan náà, iye kan náà ni. Mítà 100 tí wọ́n ń sá ní tààrà kò ní kọ́nà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń dúró lójú kan.

Relay, eré ìgbépàágbà, ló ń fi ọmọ tó ṣe ìdánrawò hàn. Ọmọ mẹ́rin á máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Nínú ti 100 mítà lọ́nà mẹ́rin, àyè tí òfin àgbáyé fi sílẹ̀ fún gbígba ọ̀pá jẹ́ mítà 30. 20 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní 2017. Ẹni tó fẹ́ gbà á ti gbọ́dọ̀ máa sáré kí ọ̀pá tó dé ọwọ́ rẹ̀, láìwẹ̀yìn. Ọmọ mẹ́rin tó mọwọ́ ara wọn lè na mẹ́rin tó yára jù wọ́n lọ.

Ó ku tẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ owó la ó kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Lọ́dún 2019, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé ₦3,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń san ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nítorí náà, ohun tí òbí bá máa dá fún eré, ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, P.T.A. tí gbogbo wa mọ̀, ló yẹ kí wọ́n ti jíròrò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ sípàdé, ẹlòmíràn ló ń bá a fẹnu kò. Owó nìkan kọ́ sì ni ìrànlọ́wọ́. Káfíńtà lè kan pèpéle tí ẹni kìíní, ìkejì àti ìkẹta máa dúró lé. Télọ̀ lè rán aṣọ ilé. Òbí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lè jókòó ti àpótí ìtọ́jú.

Àìsàn ọmọ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù. Bí ọmọ bá ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ásímà, ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Òùngbẹ, otútù ọyẹ́ àti àṣejù lè gbé ìrora fòníkú-fọ̀ladìde dìde lójijì. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọmọ náà lè di ẹni tó ń gbé àsíá ilé rẹ̀, tàbí tó ń kọ máàkì sílẹ̀, kó sì wọ àwọ̀ tí àwọn yòókù wọ̀.

Èyí tó ń dùn mí ni kíkó ọmọ sínú oòrùn nítorí alága ọjọ́ tí kò tíì dé. Kò dára, ẹ̀yin òbí lẹ sì lè dá a dúró. Ẹ gbé e kalẹ̀ nípàdé pé kí àwọn kékeré ṣe tiwọn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, yálà àlejò dé tàbí kò dé, kí omi tó tó sì wà fún wọn.

Bí ìwé náà bá dé lọ́dún yìí, kí ẹ tó dá a padà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta síbẹ̀: nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, àìsàn tí ọmọ ní bó bá ní, àti iṣẹ́ tí ẹ lè bá wọn ṣe lọ́jọ́ náà.