Ta Ló Kọ́kọ́ Bọ Adìẹ Ọ̀sẹ̀ Kan Lẹ́ẹ̀kan Náà?

Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá àgbàlagbà kan ló sún mi dé ìdí àpilẹ̀kọ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a jọ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aládìẹ yìnyín kan ní Ìyànà-Ìbà, nílùú Èkó. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣáájú wa ń ṣa itan adìẹ sínú ọ̀rá, ó ń ṣà á ṣáá, títí bàbá fi bi í pé ṣé ìnáwó wà nílé ni. Ọmọ náà tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní rárá o, bàbá, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí ni. Tóun bá délé, òun á bọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun á kó o sí fírísà. Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní láyé tiwọn, bí wọ́n bá pa adìẹ nílé ènìyàn, tí kì í ṣe ọdún, tí kò sí àlejò, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣàìsàn, ará àdúgbò á fẹ́ gbọ́ ohun tó dé.

Ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ lọ ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń gbé láàárín Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò. Wọ́n á fọ adìẹ mọ́, wọ́n á dà á sí ìkòkò kan ṣoṣo, wọ́n á fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ díẹ̀ sí i. Omi kì í pọ̀, torí adìẹ á sun omi tirẹ̀. Adìẹ ẹran tí wọ́n sìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ á jinná láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin títí tó fi sú u, wákàtí kan lè má tó o. Wọn kì í fi ata sí i, wọn kì í dín in, torí wọn ò tíì mọ ohun tó máa dà. Lọ́jọ́ Ajé ó lè di ọbẹ̀ ata, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n ya á sínú Indomie ọmọ iléèwé, lọ́jọ́rú kí wọ́n jù ú sínú ẹ̀fọ́. Omi ẹran wà lọ́tọ̀ fún ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, nínú ike áísìkiriìmù. Ọmọdé tó bá sì fi ojúkòkòrò ṣí ike náà, omi adìẹ ló máa bá níbẹ̀.

Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ kò gùn: adìẹ ìbílẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, adìẹ àgíríìkì dé, fírísà tẹ̀lé e, ìjọba àpapọ̀ fòfin de adìẹ yìnyín ilẹ̀ òkèèrè ní 2003, adìẹ yìnyín ò sì gbọ́. Ta ló wá bẹ̀rẹ̀ bíbọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan? Ibẹ̀ ni ẹnu ò ti kò.

Àwọn onílé àtijọ́ ní òṣìṣẹ́ Volkswagen ni. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní Ọ̀jọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì tú wá láti ibi gbogbo wá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àpọ́n ló pọ̀ nínú wọn, àpọ́n tó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé kò lè máa fọn iná lójoojúmọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń se ẹran púpọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá aládìẹ gbọ́ èyí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, fírísà ta ni wọ́n ń kó o sí? Àwọn onílé náà ní fírísà kọ́, wọ́n ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà kan ni. Ìyá ní gbígbé ọbẹ̀ kaná nìyẹn, ìyá àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹran Iléyá kí ẹnikẹ́ni tó to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́.

Àwọn mìíràn ní ọmọ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ni. Ọdún 1983 ni ìjọba Gómìnà Jakande dá yunifásítì náà sílẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún inú ilé àyágbé káàkiri Ìyànà-Ìbà àti Òkókómáíkò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin á dáwó ra páálí kan, kìlógíráàmù mẹ́wàá, wọ́n á sì bọ̀ ọ́ pa pọ̀ torí kẹrosínì. Mo fẹ́ gba èyí gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá mọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé adìẹ tí wọ́n bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kì í rí ọjọ́ Ajé.

Alásè àgbà kan ní Ìbà ló wá bu omi pa iná ìjà náà. Ó ní ta ló ń bọ ẹran ìgbéyàwó ní díẹ̀díẹ̀ rí? Bí ìnáwó bá ku ọ̀la, alásè á bọ gbogbo ẹran lóru, á sẹ́ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, á kó ẹran sínú agbada, ilẹ̀ á mọ́ kó tó mọ èyí tí yóò dín àti èyí tí yóò lọ sínú ọbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá a gé àlùbọ́sà ló gbé ọgbọ́n náà lọ sílé ọkọ. Lójú tèmi, tirẹ̀ ló fìdí múlẹ̀ jù, torí kò sí ohun kan nínú ìlànà yẹn tí kì í ṣe ti alásè, àfi fírísà.

Àmọ́ ọgbọ́n lè wà kó má sí ohun tó ń léni lò ó. Ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ló ń léni. Láti 2009 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ń jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sì ń dá a padà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyàwó ilé wo ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ adìẹ tútù ní aago mẹ́wàá? Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ló ń dúró sí. Òkókómáíkò ṣì ń retí tirẹ̀.

Ọ̀nà kan náà tó ń jẹ àsìkò yìí ló ń gbé adìẹ wá. Láti Kútọnu ni adìẹ yìnyín ti ń gba bodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, fàyàwọ́ ni, àwọn aṣọ́bodè sì ti kìlọ̀ léraléra pé oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú wà lára òmíràn. Nígbà tí ìjọba ti bodè láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwọn tó ń sin adìẹ nílé ló rẹ́rìn-ín.

Iná mànàmáná ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má ṣe kọjá wákàtí méjì níta kí ó tó wọ fíríìjì. Iná tó bá lọ ní alẹ́ Àìkú tí kò sì dé títí ọ̀túnla ò mọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń dì í sí ọ̀rá kéékèèké, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí iná ò bá sì tètè dé, gbígbé kaná àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ń padà sí.

Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí ọkọ̀ ti lù bolẹ̀ kò yẹ kó tún jìyà nídìí ààrò. Ohun tó ń dùn mí ni pé fírísà kì í bá ènìyàn pín ẹran. Iwe tó jẹ́ ti baálé ilé, orí àti ẹsẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń jà sí, kò sí nínú páálí itan. Ọmọ ogún ọdún wà ní Ìbà tí kò kun adìẹ rí, tí kò sì mọ oríkèé tí ọ̀bẹ ń gbà. Ẹni tí èyí bá ká lára, kó ra àkùkọ tó ń kọ lọ́dún tó ń bọ̀, kó fi ọ̀bẹ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì rí i pé wọ́n fi iwe síwájú ẹni tó ni ín.