Eérú Kì í Ṣe Ilẹ̀dú: Kí Àgbẹ̀ Tó Gbé Erùpẹ̀ Wá fún Àyẹ̀wò

Erùpẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Òsí, Ìlọ́fà àti agbègbè wọn ní ìpínlẹ̀ Kwara ń gbé wá sí yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ máa ń dúdú nígbà míràn bí ìdí ìkòkò. Inú onítọ̀hún á dùn pé ilẹ̀ òun lọ́ràá. Eérú ni. Wọ́n ti sun pàǹtí oko nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ibi tí iná ti jó gan-an ni wọ́n sì ti bu erùpẹ̀.

Èsì irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tan ẹni tó ni ín. Pọtáṣíọ̀mù àti kálísíọ̀mù inú eérú á mú kí ilẹ̀ dà bí èyí tí kò nílò nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òjò tó bá rọ̀ dáadáa lè ṣan púpọ̀ nínú wọn lọ.

Ilẹ̀dú kì í yára wá bẹ́ẹ̀. Òkúta líle tó ń yọrí káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ náà ló wà lábẹ́ oko. Oòrùn ń sán an, omi ń wọ̀ ọ́, gbòǹgbò ń là á, ó ń di iyanrìn àti amọ̀. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, sọ pé erùpẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lè gba tó 1,000 ọdún kí ó tó wà. Bí èyí ṣe ń lọ ni ewé tó wọ̀, gbòǹgbò tó kú àti ìgbẹ́ ẹran á máa wọ inú rẹ̀, tí ekòló, ikán àti kòkòrò àìfojúrí á jẹ wọ́n di ilẹ̀dú tó ń di omi mú fún iṣu àti àgbàdo.

Ilẹ̀ wa kì í sì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ní 1977, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, Jenkinson àti Ayanaba, gbé ìwádìí kan jáde: koríko tí wọ́n pò mọ́ erùpẹ̀ ní Ìbàdàn jẹrà ní ìlọ́po mẹ́rin bí irú rẹ̀ ṣe yára jẹrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó tún wá ń dáná sun pàǹtí oko rẹ̀ lọ́dọọdún, náítírójìn àti imí ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ.

Nítorí náà, kí iná tó dé oko ni kí wọ́n bu erùpẹ̀. Kí iná tó dé, kí ajílẹ̀ tó dé. Bí iná bá ti jó apá kan, apá kejì ni kí wọ́n lọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ bù ú nídìí ọ̀gán, lábẹ́ igi, tàbí níbi tí màlúù sùn sí. Kí àgbẹ̀ rìn wọ́gọwọ̀gọ káàkiri oko, kí ó dúró ní ibi 15, kí ó gbá ewé orí ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó sì gbẹ́ ẹ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 15. Kí ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ike mímọ́, kí ó bu ìwọ̀n ìdajì kílò, kí ó sá a níbòji. Àpò ajílẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń dì í sí o! Ìyókù inú àpò náà á ba èsì jẹ́.

Àwọn kan máa ń dúró lẹ́nu géètì yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n á ní àwọn lè bá àgbẹ̀ wá erùpẹ̀ tó máa “yege”. Kí ẹnikẹ́ni má fún wọn lówó. Oko tirẹ̀ ni àgbẹ̀ fẹ́ mọ̀, kì í ṣe oko oníbodè.

Bí iná bá ti jó gbogbo oko náà tán, kí àgbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lórí káńtà yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ara àpò erùpẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.