Africatown: Ìlú Kékeré Tí Kò Jẹ́ Kí Ìtàn Rẹ̀ Kú

Lọ́tẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà la fẹ́ rìn dé, àmọ́ kì í ṣe New York tí gbogbo ayé mọ̀. Ìlú kékeré kan ni, Africatown lorúkọ rẹ̀. Ó wà lápá àríwá Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lẹ́bàá odò. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 2,000 lọ. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí kò ní ṣàjèjì sí ooru Mobile. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, òógùn a máa bo èèyàn. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mìlímítà 1,600 lọ. Mobile wà lára àwọn ìlú ńlá tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní, òtútù ibẹ̀ a máa ju ti ọyẹ́ wa lọ. Èyí tí àwa kò mọ̀ ni ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá. Ní 1979, èyí tí wọ́n pè ní Frederic ba ilé àti igi jẹ́ lágbègbè náà gan-an.

Bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà léèwọ̀. Síbẹ̀, olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó ẹrú wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa mú òun. Ní 1860, ó rán William Foster lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Bí 110 èèyàn ni ọkọ̀ Clotilda kó dé. Ọmọ ogun Dahomey ló kó púpọ̀ nínú wọn lẹ́rú, ọmọ Yorùbá sì wà láàárín wọn. Lóru ni wọ́n kó wọn wọlé; wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú.

Ogun abẹ́lé parí ní 1865, wọ́n gba òmìnira. Ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n kò sówó ọkọ̀. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Meaher, ó kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tu owó jọ, wọ́n sì fowó ra ilẹ̀. Ní 1872, Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ra éékà méjì ní 100 dọ́là. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n yan adájọ́. Gumpa ni wọ́n fi ṣe olórí, ọmọ Dahomey sì ni! Wọn ò ka ẹ̀ṣẹ̀ ọba rẹ̀ sí i lọ́rùn.

Kossola àti Abile ìyàwó rẹ̀ fún àkọ́bí wọn lórúkọ méjì. Aleck ni ti Amẹ́ríkà. Èyí tó jẹ́ tilé, àwọn òǹkọ̀wé kọ ọ́ báyìí: Iyadjemi. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Ìyà-jẹ-mí! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ Yorùbá wo ló tún máa béèrè ohun tí ojú wọn rí?

Ìtàn ẹnu borí

Kossola kú ní 1935, àmọ́ ó ti ro ìtàn rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní àlọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti rí Clotilda nísàlẹ̀ odò Mobile. Ọdún 159 ni ìtàn ẹnu fi dúró kí ẹ̀rí tó dé!

Ìjà kò tíì tán o. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ti yí ìlú náà ká, ọ̀nà márosẹ̀ là á kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kó lọ. Àwọn tó kù ṣì ń jà fún afẹ́fẹ́ tó mọ́.

Ibi tí àlejò lè yà sí

Ní Africatown fúnra rẹ̀, ilé àfihàn kan tó ń jẹ́ Heritage House ṣí ní 2023, níbi tí èèyàn ti lè rí àwókù Clotilda. Itẹ́ òkú tí wọ́n sin Kossola sí náà wà níbẹ̀. Ní Mobile, ẹ lè wọ inú ọkọ̀ ogun USS Alabama. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọdún Mardi Gras wọn a máa gba ìgboro kan. Mobile ní òun ti ń ṣe é láti 1703.

Àwa tí a ń kàwé níbi tó jìn sílẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Tí ẹ bá délé fún ìsinmi, ẹ béèrè ìtumọ̀ orúkọ yín àti oríkì yín lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpàdé wa àkọ́kọ́ ní táàmù tó ń bọ̀, kálukú á dìde, á sọ tirẹ̀.