ògbufọ̀ àkójọ dátà

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń túmọ̀ ìbéèrè ètò kan sí ọ̀nà tí àkójọ dátà ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbà gbọ́ ọ, tí ó sì ń túmọ̀ èsì padà. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní database driver.

Ìlò: "Ìjábọ̀ náà kò jáde, nítorí a kò tíì fi ògbufọ̀ PostgreSQL sórí kọ̀ǹpútà yìí."

Ìyàtọ̀ sí awakọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí a bá dárúkọ awakọ̀, dírẹ́bà mọ́tò ni ọkàn ń lọ bá. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Aládùúrà tẹ̀ dó sí etíkun Ìlàjẹ ní 1947, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀rọ̀ náà lè kọ́kọ́ mú wá sọ́kàn. Níbi méjèèjì, ènìyàn ni awakọ̀, ohun tí ń rìn ni ó sì ń darí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka "Ẹ fi awakọ̀ sórí kọ̀ǹpútà" lè ṣe kàyéfì. Iṣẹ́ ètò yìí jọ ti ẹni tí ó dúró láàárín oníṣòwò Ìlàjẹ àti oníbàárà Ìjọ̀ láti Àrógbò tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn: a gbọ́ tọ̀hún, a sọ ọ́ fún tìhín, láìbù kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ ni orúkọ onítọ̀hún. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní ògbifọ̀; méjèèjì ni ó tọ̀nà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ètò ìjábọ̀ lè jẹ́ Crystal Reports tàbí Power BI, kí àkójọ dátà tí ó fẹ́ kà sì jẹ́ Oracle, MySQL tàbí PostgreSQL. Lóòótọ́, gbogbo wọn ni ó gbọ́ SQL, ṣùgbọ́n oníkálukú ni ó ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ láti gba ìbéèrè wọlé. Ní 1992 ni Microsoft gbé ìlànà ODBC jáde, kí ètò kan ṣoṣo lè bá àkójọ dátà oríṣiríṣi sọ̀rọ̀, bí ògbufọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wà. Sun Microsystems gbé JDBC jáde fún Java ní 1997. Ẹni tí ń so wọ́n pọ̀ yóò fún ògbufọ̀ ní àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí àkójọ náà wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà (MySQL sábà máa ń lo 3306, PostgreSQL 5432), orúkọ àkójọ náà, orúkọ aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ètò ìjábọ̀ oní-bíìtì 64 kò lè lo ògbufọ̀ oní-bíìtì 32.

Àkíyèsí nípa lẹ́tà Yorùbá. Oríṣi méjì ni ògbufọ̀ ODBC ti MySQL àti ti PostgreSQL: ANSI àti Unicode. Lórí Windows tí a tò fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ti ANSI mọ é, ò, ì àti à, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ, ṣ tàbí ǹ. Ayétòrò lè kọjá láìfarapa, kí Ìlàjẹ di Ìlàj?, kí Oǹdó sì di O?dó. Ẹni tí ó bá fi Ayétòrò nìkan dán ìsopọ̀ wò yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà ìwé lásán. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò. Bí a bá ń tẹ orúkọ àwọn tí ó pàdánù ilé jáde, tí Ṣọlá di??lá, ẹni tí ìrànwọ́ tọ́ sí lè má rí orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ náà ṣì pé nínú àkójọ dátà. Ògbufọ̀ ni kò lè pè é. Ti Unicode ni kí a yàn, kí a sì fi orúkọ tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ dán an wò.

Fún olùtumọ̀. Driver ni ojú kọ̀ǹpútà yóò máa fi hàn. Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́, ó yẹ kí a kọ "ògbufọ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ń pè ní driver". Lẹ́yìn èyí, ògbufọ̀ nìkan tó.