Ṣé O Mọ̀? Àwọ̀ Lẹ́tà Inú Àpótí Tí Wọ́n Tì Pa

O ṣí fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o bá orúkọ rẹ nínú àpótí tí kò gbà kí o tẹ ohunkóhun sí i. Lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà náà hàn ketekete. Lórí fóònù, ó ti ṣá. Kóòdù kan náà ni. Ta ló wá pa àwọ̀ dà?

Ṣé o mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ìkànnì ti wà kí àpótí títìpa tó dé? HTML 4.0, ìlànà ojú ìwé ìkànnì tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ló mú àṣẹ méjì wọlé pọ̀: *disabled*, tó ń ti àpótí pa pátápátá, àti *readonly*, tó ń jẹ́ kí a ka ohun inú rẹ̀ láìlè yí i padà.

Ṣé o mọ̀ pé ìlànà yẹn kò pàṣẹ àwọ̀ kankan? Ó ní ọwọ́ aṣàwákiri ni bí àpótí títìpa yóò ṣe rí wà. Kálukú wá ń ṣe é bó ṣe wù ú.

Ṣé o mọ̀ pé CSS2, ìlànà ìrísí ojú ìwé ìkànnì ti ọdún 1998, ní àwọ̀ kan tó ń jẹ́ *GrayText*, tí aṣàwákiri ń yá lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀? Bí ojú kọ̀ǹpútà kò bá lè gbé àwọ̀ eérú gidi jáde, ìlànà ní kó di dúdú.

Ṣé o mọ̀ pé *GrayText* lè má jẹ́ àwọ̀ eérú rárá? Nínú ètò dúdú tí Windows 10 ṣe fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò ni.

Ṣé o mọ̀ pé Internet Explorer àtijọ́ kì í gba àwọ̀ tí o bá yàn fún lẹ́tà àpótí títìpa? Pupa ni o kọ, eérú ni yóò gbé jáde, yóò tún fi òjìji funfun sí i lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ kóòdù ló sá lọ bá *readonly* nítorí èyí. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Internet Explorer dúró lórí Windows 10.

Ṣé o mọ̀ pé Chrome ní àwọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀? #545454 ni, eérú tó ṣókùnkùn. Lórí funfun, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní 7 sí 1, ojú sì lè kà á. Bí o bá yan àwọ̀ mìíràn, yóò gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé Safari kì í fi àwọ̀ tí o yàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó máa ń gbà á, kó tó wá ṣírò èyí tó ṣá jù ú lọ láti inú rẹ̀. Àṣẹ tó ń bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí ni *-webkit-text-fill-color*.

Ṣé o mọ̀ pé ti iPhone tún lé kenkà? Safari orí rẹ̀ ń dín híhàn gbogbo àpótí náà kù sí 0.4. Bí o bá tún àwọ̀ lẹ́tà ṣe tí o kò fi *opacity: 1* sí i, yóò ṣì ṣá.

Ṣé o mọ̀ pé gbígbé Chrome sórí iPhone kì í yanjú rẹ̀? WebKit, ẹ́ńjìnnì Safari, ni Apple ní kí gbogbo aṣàwákiri orí iPhone máa lò. Ọdún 2024 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ṣé o mọ̀ pé WCAG, ìlànà ìkànnì tí gbogbo ènìyàn lè lò, tó ní kí ìyàtọ̀ lẹ́tà lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, yọ àpótí títìpa sílẹ̀? Eérú #808080 lórí funfun kò ju 3.95 sí 1 lọ. Níbòmíràn, ó já kulẹ̀. Nínú àpótí títìpa, ó yege. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù ń kó orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó sí, ohun tí ẹni tó ń fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Bí lẹ́tà bá sì ṣá, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá ló ń kọ́kọ́ pòórá.

  

Ṣé o mọ̀ pé ohun inú àpótí *disabled* kì í bá fọ́ọ̀mù lọ? Bí o ti tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ẹ̀yìn ló ń kù sí. Ti *readonly* ń lọ, bọ́tìnnì Tab sì lè dé orí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà, *readonly* ni kí o fún un. Èyí tí o bá ní dandan kí o tì pa, kọ *color*, *-webkit-text-fill-color* àti *opacity* fún un, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí iPhone gidi kí o tó gbé e jáde.