Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ ní Àkọ́rọ̀ Òjò ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Kò sí ìgbà tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ju láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún ọdún lọ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kógbá sílé, tí òjò sì ń wọlé dé. Ní àkókò yìí oòrùn lè mú hanhan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sán, kí ìjì sì ti ṣí òrùlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń bèèrè bóyá ó tó àkókò láti gbin àgbàdo. Awakọ̀ òfúrufú tí ń bọ̀ wá sí Ìkẹjà ń bèèrè bóyá ojú ọ̀run mọ́. Ọlọ́kọ̀ tí ó fẹ́ ti Ìwòpin gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ ń bèèrè bóyá omi yóò parọ́rọ́. Ojú ọ̀run kan náà ni gbogbo wọn ń wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò dọ́gba. Iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni láti dá olúkúlùkù lóhùn níwọ̀n bí ìmọ̀ bá ti lè gbé e.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó pín ọdún láàárín ara wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkínní ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Òun ni ó ń gbé ọyẹ́ àti eruku wá ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní. Èkejì ni afẹ́fẹ́ olómi tí ń ti òkun Àtìláńtíìkì wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òun ni ó ń ru òjò. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sí ojú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní, tòsí etí òkun ni ó ń wà. Bí oòrùn ti ń yí sí ìhà àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ẹ̀bá aṣálẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó padà sẹ́yìn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí òkun. Nítorí náà ni òjò ṣe ń tètè dé ibẹ̀ ju ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í sábà dá wá. Ìjì ni ó ń ṣáájú rẹ̀. Ní àkókò tí a ń sọ yìí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà lókè, afẹ́fẹ́ olómi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ooru ọ̀sán bá ti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ gòkè, ìkùukùu a dìde bí òkè ńlá, a sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun. Òjò tí ń ti inú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ bọ̀ a máa gba àárín afẹ́fẹ́ gbígbẹ kọjá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a gbẹ sójú ọ̀nà, a sì sọ afẹ́fẹ́ náà di tútù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ. Nítorí náà a já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, a kan ilẹ̀, a sì tàn kálẹ̀ síwájú òjò. Èyí ni ìjì tí ń fọ́n eruku sókè, tí ń dá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìdajì, kí ẹ̀kán òjò kan tó kán.

Ohun kan yẹ ní fífi sọ́kàn: bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú òkun ni omi àwọn ìjì wọ̀nyí ti wá, ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbéra, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n sì ń lọ. Wọ́n lè rìn tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìlú Ọ̀rẹ́ wà ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde ní nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìjì tí ó bá ń jà ní Ọ̀rẹ́ ní agogo méjì ọ̀sán lè dé Ìjẹ̀bú-Òde ní agogo mẹ́rin. Wákàtí méjì yìí lè kéré lójú ẹni tí ó jókòó sílé, ṣùgbọ́n ó tó láti gba ẹ̀mí là, bí ìròyìn bá lè sáré ju ìjì lọ.

Láti mú kí ìròyìn sáré ju ìjì lọ ni iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní òkè òkun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1859, ìjì líle kan fọ́ ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Royal Charter ní etíkun Wales, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400 sì ṣègbé. Robert FitzRoy, ọ̀gágun ojú omi tí ó ń ṣe olórí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ lórí wáyà yóò dé èbúté kí ìjì tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1861 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn èbúté, ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà sì ni ìwé ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, àjọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni NiMet, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Àjọ yìí ní àwọn ibùdó káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa wọn ooru, ìwúwo afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti iye òjò tí ó rọ̀; wọn a sì máa wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Wákàtí kan náà tí wọ́n ń kọ tiwọn sílẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Àkúrẹ́, ní Kánò àti ní ilẹ̀ òkèèrè ń kọ tiwọn, nítorí pé Nàìjíríà ti wà nínú Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé láti ọdún 1960. Sátẹ́láìtì tí ó wà lókè réré a máa ya àwòrán ìkùukùu ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan; kọ̀ǹpútà a sì ṣe ìṣirò tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè ṣe tán kí ìjì tó dé.

Lórí ilẹ̀, àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ yàtọ̀ sí òjò tí ó fìdí múlẹ̀. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ ní oṣù kejì, tí àgbẹ̀ sì sáré gbin àgbàdo, irúgbìn náà lè hù dáradára, kí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì sì pa á tán. Owó irúgbìn ti lọ, òógùn ojú ti ṣòfò. Ìdí nìyí tí NiMet fi ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ kan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún, tí ó ń sọ ìgbà tí a retí pé òjò yóò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti iye ọjọ́ tí ó wà láàárín wọn. Àsọtẹ́lẹ̀ ojoojúmọ́ náà ní ìwúlò tirẹ̀. Olóko kòkó tí ó bá fín oògùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀ ní ọ̀sán ń fi owó fọ ilẹ̀ ni. Obìnrin tí ó bá sì sá láfún sí ìta yóò fẹ́ mọ̀ bóyá oòrùn yóò dúró.

Ní òfúrufú, kì í ṣe oṣù tàbí ọ̀sẹ̀ ni awakọ̀ ń bèèrè, wákàtí ni. Ìkùukùu ìjì lè ga tó 15 kìlómítà, èyí tí ó ga ju ibi tí bàálù tí ń kó èrò ń gbà lọ. Nítorí náà awakọ̀ kò lè fò ó kọjá. Ó di dandan kí ó yà fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu pọ̀ sí jù lọ ni tòsí ilẹ̀, nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tí ó ń balẹ̀. Nígbà tí ó bá wọ inú afẹ́fẹ́ tútù tí ń já wálẹ̀, afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ níwájú, a sì gbé e sókè. Lójú kan náà a yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, agbára tí ó gbé e dúró a sì dínkù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù kan tí ń lọ sí Sókótó gbéra ní Àbújá nígbà tí ìjì wà ní tòsí pápá. Ó já lulẹ̀ láìpẹ́, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 90 sì kú, Súlútáànì Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ojú ọjọ́ tí kò dára náà kò pamọ́ nígbà tí awakọ̀ pinnu láti gbéra. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà fún pápá Ìkẹjà àti fún èyí tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí agbègbè Ìlíṣàn àti Ìpẹru ní Rẹ́mọ: ẹni tí ó bá dúró fún ìjì láti kọjá kò pàdánù ju wákàtí kan lọ.

Ojú ọ̀sà ni ó kù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ọjà Ejìnrìn ni ọkọ̀ ti ń kó ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, títí di òní sì ni àwọn ará etí omi ń fi ọkọ̀ ṣòwò, tí wọ́n sì ń fi í pẹja. Ọ̀sà kò jìn bí òkun, èyí ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Nínú omi tí kò jìn, ìgbì a máa tètè dìde bí afẹ́fẹ́ bá ti lù ú, wọn a kúrú, wọn a ga, wọn a sì sún mọ́ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi ní rí àyè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan kí òmíràn tó dé. Bí ẹrù bá ti rin ọkọ̀ mọ́lẹ̀, omi yóò wọlé lójúkan náà. NIWA, àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi láti ọdún 1997, a máa kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí a má ṣe kó èrò jù, kí a má sì ṣe rìn ní òru. Ní àkọ́rọ̀ òjò, ọlọ́kọ̀ tí ó gbọ́n a tún fi ọ̀kan kún un: bí ìlà-oòrùn bá ti dúdú, a wa ọkọ̀ rẹ̀ sí bèbè tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, ibi yòówù tí ó ti ń lọ.

Àwọn kan a máa wí pé irọ́ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pa, nítorí pé wọ́n sọ pé òjò yóò rọ̀, kò sì rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lóye ohun tí wọ́n sọ. Bí wọ́n bá wí pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní ìwọ̀n 70 nínú 100, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé bí a bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, òjò yóò rọ̀ ní bí méje, kò sì ní rọ̀ ní mẹ́ta. Ẹni tí ó mú agboorùn dání ní ọjọ́ mẹ́ta náà kò ṣe òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ yìí kò sọ ti àwọn baba wa di asán. Àwọn náà ń kíyè sí ooru tí ń muni lọ́rùn, wọ́n ń wo èèrà tí ń kó ẹyin rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò lè ti Ìjẹ̀bú rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀rẹ́.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Lónìí, ìkìlọ̀ NiMet a máa wá lórí rédíò àti lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wúlò fún jù lọ, ìyá tí ń ná ọjà etí omi àti baba tí ń bẹ lóko, lè má gbọ́ ọ, tàbí kí wọ́n má lóye rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ ọ, tí ó sì sọ ọ́ fún wọn ní èdè tí ó yé wọn kí wọ́n tó jáde nílé, ti ṣe apá tí ó kù nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ náà.