Ẹsẹ̀ Ti Wà Kí Ìrìn Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ pẹ́ tí ìtàn kan ti gbilẹ̀ nínú ìwé nípa bí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ṣe kúrò nínú omi. Alfred Romer, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé gbọ́: ọ̀dá dá, adágún ń gbẹ, ẹja tó há síbẹ̀ fi lẹbẹ́ wọ́ ara rẹ̀ gba orí ilẹ̀ lọ wá omi mìíràn. Èyí tí lẹbẹ́ rẹ̀ lágbára jù ló yè é, òun ló rí ọmọ bí, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló sì wá di ẹlẹ́sẹ̀. Ìtàn náà dùn, ó sì bọ́gbọ́n mu. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì rí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ẹran ìgbà náà dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá rí i, ìtàn náà ò lè dúró mọ́.

Jennifer Clack ti Yunifásítì Cambridge ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún kó tó kú lọ́dún 2020. Àwọn ẹran tó fi ayé rẹ̀ kọ́ gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 365 sẹ́yìn. Wọ́n máa ń kà wọ́n mọ́ àwọn ẹran omi-àtilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbo ilé tí wọ́n ti jáde ni ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, ẹyẹ, màlúù àti èmi àti ẹ̀yin náà ti wá.

Bí eegun ṣe ń di òkúta kò ṣòro láti lóye. Ẹran kú sínú odò, ẹrẹ̀ bò ó kó tó jẹrà tán, omi tó ń gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá ń kó èròjà òkúta sínú eegun díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ sì le, ó di àpáta. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ń rìn. Ìlà-oòrùn Gírínláǹdì, tí yìnyín bò lónìí, wà nítòsí agbede-méjì ayé nígbà náà, ibi tó móoru tí odò ń ṣàn káàkiri ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi òtútù ni wọ́n ti ń wa eegun ẹran ilẹ̀ olóoru.

Àwọn ará Swídìn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Gunnar Säve-Söderbergh bẹ̀rẹ̀ sí í rí eegun ẹran tí wọ́n sọ ní Ichthyostega níbẹ̀ lọ́dún 1931. Ó kú láìtọ́jọ́ lọ́dún 1948, Erik Jarvik gba iṣẹ́ náà ṣe, ọdún 1996 ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ichthyostega sì tó jáde. Ẹran kejì wà tó ń jẹ́ Acanthostega, ṣùgbọ́n eegun orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn náà ò sì pọ̀.

Níbí ni Clack ti rìnnà kore. Lọ́dún 1970, akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge kan bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ sí Gírínláǹdì láti lọ kọ́ nípa àpáta, kì í ṣe nípa ẹran. Ó ṣa àwọn òkúta tó ní eegun nínú wálé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé irú eegun agbárí bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Stensiö Bjerg. Òkúta wọ dúrọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí Clack tú dúrọ́ọ̀ náà wò ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Acanthostega ló bá nínú ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1987, òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn mélòó kan wọ hẹlikópítà lọ sórí òkè yẹn, wọ́n sì bá eegun níbi tí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà ní kí wọ́n wá a sí. Lójú tèmi, ọmọ tó kọ ìlà kan yẹn sílẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ ju bí wọ́n ṣe ń dá a lọ.

Iṣẹ́ tó wà nínú kíkó òkúta délé kéré sí ti ohun tó tẹ̀ lé e. Eegun náà le bí àpáta tó yí i ká, àwọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á jókòó ti máíkírósíkóópù, á mú abẹ́rẹ́ tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń mú gbọ̀n, á máa gbọ́n àpáta dànù ní ẹyọ ẹyọ bí iyanrìn. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, eegun tó ti wà láti mílíọ̀nù ọdún 365 fọ́ nìyẹn. Bí Michael Coates, tí òun àti Clack jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe ń gbọ́n ọwọ́ Acanthostega kan jáde nìyẹn, ìka sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìwé ló sọ pé ìka márùn-ún ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Márùn-ún náà ni wọ́n yà sí ẹsẹ̀ Ichthyostega nínú àwòrán rẹ̀. Ìka karùn-ún yọ, ìkẹfà tẹ̀ lé e, ìkeje tún yọ. Mẹ́jọ ló pé. Nígbà tí wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ichthyostega tí wọ́n kó bọ̀ láti Gírínláǹdì, méje ni wọ́n kà níbẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ará Rọ́ṣíà kan sì ti sọ ṣáájú, lọ́dún 1984, nípa ẹran tirẹ̀, Tulerpeton, pé ìka mẹ́fà ló ní. Márùn-ún tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ẹ̀yìn ló dé.

Iye ìka nìkan kọ́ ló dá ẹjọ́ náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka ìyókù ara. Ọrùn ọwọ́ Acanthostega kò ní eegun tó lè gbé ìwúwo ara. Ìgúnpá rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dáadáa láti fi ti ara sókè. Eegun ìhà rẹ̀ kúrú, kò lè gba ikùn dúró kí ẹ̀dọ̀fóró má bàa fún pọ̀ lórí ilẹ̀. Ìrù rẹ̀ ní lẹbẹ́ gígùn lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni ti ohun pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, èyí tí a máa ń ṣí wò lọ́jà láti mọ̀ bóyá ẹja ṣì tutù. Òun ni ẹja fi ń mí. Ẹran ara ni, kì í di òkúta, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró lórí àwọn eegun kéékèèké, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ sì máa ń gba inú ọ̀nà tóóró kan lára eegun náà. Wọ́n bá ọ̀nà tóóró yẹn lára eegun Acanthostega. Ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ìka mẹ́jọ, ó sì ń mí nínú omi bí ẹja.

Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò jáde nítorí ilẹ̀. Inú omi tí kò jìn, tí koríko àti igi tó ṣubú kún inú rẹ̀, ló ti wúlò: láti fi ti ara, láti fi di nǹkan mú, láti fi ya koríko sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn àtọmọdọ́mọ wá lò ó fún ìrìn. Ohun tó kù kí Romer mọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé sì tún fi kún un. Lọ́dún 2012, Stephanie Pierce, Clack àti John Hutchinson fi ẹ̀rọ tó ń rí inú òkúta ya eegun Ichthyostega, wọ́n tò ó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń yí oríkèé kọ̀ọ̀kan wò títí dé ibi tó lè yí dé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè tẹ ilẹ̀ kó gbé ara. Bó bá gun èbúté, ọwọ́ iwájú méjèèjì ló ń fi fa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá ọ̀sà l'Ékòó nígbà tí omi bá fà, tó rí ẹja kékeré olójú rogodo tó ń fò lórí ẹrẹ̀ láàárín gbòǹgbò igi etí omi, ti rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2016, Clack àti àwọn mìíràn fi ìtànṣán tó lágbára gan-an wo inú eegun apá àwọn Acanthostega tó kú pọ̀ sójú kan, níbi tí ìdàgbàsókè ọdọọdún fi ìlà sí. Gbogbo wọn ni kò tíì dàgbà, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹran tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, èwe rẹ̀ la rí.

Àwọn ẹ̀rí mìíràn ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Neil Shubin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí Tiktaalik, ẹja tó ní ọrùn àti ọrùn ọwọ́, ní ìhà àríwá Kánádà lọ́dún 2004. Ní Pólándì, àwọn kan kéde lọ́dún 2010 pé àwọn rí ipa ẹsẹ̀ nínú àpáta tó ju eegun gbogbo wọ̀nyí lọ lọ́jọ́ orí. Àríyànjiyàn lórí ìyẹn kò tíì tán.

Nígbà wo wá ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn lórí ilẹ̀? Àlàfo kan wà lẹ́yìn Acanthostega, nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 15, tí eegun fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Clack rí ẹran kan fi dí i, inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì ti rí òun náà. Ìtòsí Dumbarton ní Skọ́tílándì ni wọ́n ti wú u lọ́dún 1971, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹja ni. Lọ́dún 2002 ni Clack sọ ọ́ ní Pederpes finneyae. Ọmọ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 348 ni, ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú síwájú bí ti ẹran tó ń tẹ ilẹ̀ rìn, kò kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àjẹ̀. Orúkọ kejì yẹn, ti Sarah Finney ni, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́n àpáta kúrò lára eegun náà.